Bí a ṣe ń fi ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wá ìdí tí irin fi kán

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì Kete, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti ibòmíràn. Ẹ wo irin tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí, nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni. Láti Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti gbé e wá bá wa ní Adó. Ìyá tó ni ẹ̀rọ náà ní ìgbà kejì rèé tó máa kán láàárín oṣù mẹ́rin, ibì kan náà ló sì ti ń kán, ní ẹ̀gbẹ́ bíárìn. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ti ń yọ òórùn kó tó rí ẹ̀rọ ẹlòmíràn yá. Wẹ́dà ní irin burúkú ni wọ́n tà fún un. Ẹni tó ta irin ní wẹ́dà ni ò mọṣẹ́. Lónìí, a ò ní gba tẹnu ìkankan nínú wọn, irin fúnra rẹ̀ la máa bi.

Kí n tó tan ẹ̀rọ kankan, ẹ gbọ́ èyí, torí òun ni mo tìtorí rẹ̀ ṣe fídíò yìí: ẹ má ṣe fi ojú méjèèjì tó kán kan ara wọn. Mo mọ̀ pé ọwọ́ gbogbo wa ló máa ń yá láti tò ó pọ̀ wò bóyá ó ṣì bára mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Àwọn àmì tí à ń wá kò nípọn tó ìdá ẹgbẹ̀rún kan mìlímítà, tí irun orí kan sì nípọn tó bí 70 nínú irú ìdá bẹ́ẹ̀. Bí irin bá ha irin lẹ́ẹ̀kan péré, àmì ti parẹ́. Ẹ má fi fáìlì kàn án, ẹ má fi gíráìndà kàn án, ẹ má sì fi ìka nù ún. Wọ́n ti gbé ṣáàfù kan wá bá mi rí tí wọ́n ti fi gíráìndà dán ojú rẹ̀ kó lè mọ́ kí n tó rí i. Mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, ipa gíráìndà nìkan ni mo rí. Wọ́n ṣe tuntun, òun náà tún kán. Ó dùn mí gan-an, torí ẹ̀rí wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó dáa. Kí ni ẹ̀rọ yìí? Àwọn àgbà inú wa á rántí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó nídìí gbọ̀ọ̀rọ̀, irú èyí tí wọ́n fi wo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959. Nínú ìdí yẹn, ohun kan wà bí ìbọn tó ń yìn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ẹyọ iná mànàmáná tín-ín-tín, síta. Mágínẹ́ẹ̀tì á máa darí ìtànṣán náà láti òsì sí ọ̀tún, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni tó ń tọ poro oko, ibi tó bá sì bà lára gíláàsì á tàn. Ohun tí a ṣe níbí ni pé a gbé irin síbi tí gíláàsì yẹn ì bá wà, a wá ń gbá ohun tó ń ta padà láti ara irin mú. Ọdún 1931 ni Ernst Ruska àti Max Knoll kọ́kọ́ ṣe máíkírósíkóòpù oní-ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tó ń mú ohun tín-ín-tín tóbi lójú wa, ní Berlin, nílẹ̀ Jámánì. Ó di 1965 kí ilé iṣẹ́ kan ní Cambridge tó bẹ̀rẹ̀ sí ta irú èyí tó ń tọ ìlà yìí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká gé e. Mo fi ayùn irin gé e jìnnà sí ojú tó kán, mo ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀ kó má gbóná, mo sì ti fi ike bo ojú náà. Lẹ́yìn èyí, mo rì í sínú ásítóònù, omi tó ń fọ ọ̀rá kúrò, kí gíríìsì àti omi ẹ̀gẹ́ ṣí kúrò. Mo wọ ìbọ̀wọ́ o, torí òróró ara ìka wa kì í jẹ́ kí inú ẹ̀rọ ṣófo dáadáa. Téèpù kábọ́ọ̀nù ni mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìjókòó alumíníọ̀mù kékeré yìí, kí iná mànàmáná tó bá wọ inú rẹ̀ lè rọ́nà jáde.

Mo ti ilẹ̀kùn, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí fa afẹ́fẹ́ jáde, kí ó má dí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́nà. Afẹ́fẹ́ tó máa ṣẹ́ kù kò ní tó ìdá mílíọ̀nù kan èyí tí à ń mí. Ẹ ṣe sùúrù. Àkókò yìí ni kí ẹ rí i dájú pé bátìrì lè gbé pọ́ǹpù àti kọ̀ǹpútà, torí ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe.

Ó ti tó. Mo gbé e sí 20,000 fólítì. Wáyà tungsten tó wà lókè lọ́hùn-ún, irú kan náà pẹ̀lú ti inú gílóòbù àtijọ́, ti gbóná ju 2,000 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń tú jáde lára rẹ̀. X-ray ń jáde nínú yàrá kékeré yẹn o, ògiri irin rẹ̀ ló ń dá a dúró, nítorí náà ẹ má ṣe tú ohun kankan níbẹ̀ láé.

Ìlọ́po 20 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ máa ń sáré lọ sí ìlọ́po 10,000, wọ́n á sì sọnù síbẹ̀. Ẹ wo gbogbo ojú rẹ̀ ná. Ṣé ẹ rí àwọn ìlà tó tẹ̀ bí ọrun, bí ipa omi létí odò? Gbogbo wọn kọjú sí igun kan náà. Igun yẹn ni kíkán ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ń sún mọ́ ọn. Ìlọ́po 2,000. Ẹ wo àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀ léra, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ léra. Ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ yíyí kan tí ṣáàfù yí. Bí ṣáàfù bá ń yí nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan ti di 60,000. Ẹ ò rí i pé irin yìí kò kán lójijì? Ó ti ń ya díẹ̀díẹ̀ látọjọ́ yìí. Ẹ̀gbẹ́ kejì nìkan ló já lójijì, ẹ wo bí ó ṣe rí bí afárá oyin níbẹ̀. Irin tó le dáadáa tó sì ń fà ló máa ń já báyìí. Ó ti ń fọhùn fún ẹni tó ta irin.

A padà sí igun yẹn. Nǹkan funfun kan ń tàn yòò níbí, àwòrán sì ń mì. Iná ti dúró sára rẹ̀ nìyẹn, kò rọ́nà lọ, nítorí náà kì í ṣe irin. Mo sọ fólítì kalẹ̀ sí 5,000. Ó rọlẹ̀. Mo wá yí i sí ohun tó ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ta padà tagbáratagbára: ohun tó wúwo á mọ́lẹ̀, ohun tó fúyẹ́ á ṣú. Nǹkan yẹn wá ṣú dùdù láàárín irin. Ìdàrọ́, ìyẹn èérí tí ìjórin máa ń fi sílẹ̀, ni mò ń fura sí.

Ṣé ìfura wá tó? Kò tó. Mo dá fólítì padà sí 20,000, torí ó gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì agbára ohun tí a fẹ́ gbọ́. Ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ló ní oríkì tirẹ̀ nínú X-ray: bí ìtànṣán bá ti bà á, iye tirẹ̀ nìkan ló máa fi jẹ́ ọ. Irin ń jẹ́ ní 6.40 keV (keV kan ni agbára tí 1,000 fólítì ń fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan), sílíkọ́ọ̀nù ní 1.74, titanium ní 4.51. Mo tọ́ka sí irin gan-an: 6.40 ga fíofío, kò sí titanium níbẹ̀. Mo tọ́ka sí nǹkan dúdú: sílíkọ́ọ̀nù, ọ́síjìn, àti titanium rèé, kedere. Ìyẹ̀fun ara ọ̀pá ìjórin ló máa ń ní titanium báyìí, ṣáàfù kì í ní in. Wọ́n ti fi ìjórin kún ibi tí bíárìn jẹ, wọn ò gbá ìdàrọ́ kúrò kí wọ́n tó jó ìpele kejì lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ẹ̀rọ bó o dán.

Ohun kan ṣá: ẹ̀rọ yìí ò lè wọn kábọ́ọ̀nù inú irin dáadáa, pàápàá nígbà tí téèpù kábọ́ọ̀nù wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì rí háídírójìn rárá. Nítorí náà mo tún wọn líle irin náà lọ́tọ̀ kí n tó kọ èsì. Líle rẹ̀ bá ti irin ṣáàfù mu.

Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ pa fólítì kọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí wáyà tutù, kí ẹ tó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Ohun tí mo sọ fún ìyá náà ni pé kí wọ́n bó ṣáàfù tuntun láìjó ohunkóhun sí i, kí igun ẹ̀gbẹ́ bíárìn sì yípo díẹ̀, kó má mú bí igun àpótí. Wẹ́dà náà bá a wá. Mo jẹ́ kó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí bọ́tìnì títí ó fi rí ìdàrọ́ náà. Ó wò ó pẹ́. Ó wá ní kí n tẹ àwòrán yẹn fún òun, òun fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun máa rí i.