Kí Àwọn Alábẹ̀wò Tó Dé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà olùkọ́ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mi ò ní í pẹ́, torí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ṣì ní ìwé ìdánwò láti máàkì nílé.

Ta ni nínú wa tí kò tíì rí i rí, tí NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, bá fẹ́ wá ṣe àkírédítéṣọ̀n, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́, bí ọ̀dà tuntun ṣe máa ń gun ara ògiri? Ní ẹ̀ka kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àyálò ni púpọ̀ nínú ìwé tí a tò sí ilé-ìkàwé lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí àwọn àlejò lọ tí àwọn tó ni ín fi wá kó o. Mo bá wọn gbé páálí. Ẹ má rò pé ẹlòmíì ni mò ń bá wí.

Bí ètò ẹ̀kọ́ kan bá gba ìfọwọ́sí kíkún, ọdún 5 ni kí wọ́n tó padà wá. Bí ó bá jẹ́ ìfọwọ́sí fún ìgbà díẹ̀, ọdún 2. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọmọ tó wọlé lẹ́yìn àbẹ̀wò tó mú ìfọwọ́sí kíkún wá lè fi ọdún 4 kẹ́kọ̀ọ́ jáde láìfojú kan alábẹ̀wò kankan. Àwa nìkan ló bá pàdé.

Àṣà yìí ti pẹ́. Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, ìwé-ẹ̀rí Yunifásítì London ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, títí di 1962 tó dá dúró. Ìyẹn ló jẹ́ kí ayé gba ìwé-ẹ̀rí náà gbọ́, mi ò bú u. Àmọ́ ó mọ́ wa lára pé ojú ará ìta ni a fi ń wo iṣẹ́ ara wa. Ọdún 1962 yẹn náà sì ni wọ́n dá NUC sílẹ̀.

W. Edwards Deming, ará Amẹ́ríkà tó lọ kọ́ àwọn oníléeṣẹ́ ní Japan ní 1950 bí iṣẹ́ ṣe ń dára, kò fẹ́ràn kí èèyàn gbára lé àyẹ̀wò ìparí. Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tó ń ṣa ọjà tó bàjẹ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Inú ètò iṣẹ́ ni kí a ti wá ìdí rẹ̀, kí a tó nàka sí òṣìṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú èsì ìdánwò tó máa ń sọnù. Akọ̀wé la máa ń bínú sí. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé ìwé kan láti gbọ̀ngàn ìdánwò: olùkọ́ gbà á, ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń mójú tó ìdánwò ní ẹ̀ka, ó kọjá sí fákọ́tì, ó di Sẹ́néètì yunifásítì. Níbo ni wọ́n ti ka iye ìwé? Ta ló fọwọ́ sí i pé ìwé 200 ni òun gbà, pé 200 náà ni òun fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́? Lọ́pọ̀ ibi, kò sẹ́ni kankan. Ẹ dán kíkà àti fífọwọ́ sí yìí wò nínú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo fún sẹ̀mẹ́sítà kan, ẹ wo ibi tó ti ń jò, ẹ dí i, kí ẹ tó gbé e dé kọ́ọ̀sì mìíràn.

Nígbà ìbéèrè, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọ̀gá kan dìde, wọ́n ní ta ni yóò ra ẹ̀rọ tí a ó fi ṣe é. Mo ní, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ìwé-ìkọ̀wé olójú-ewé 60 ni, àti bírò tí a fi okùn so mọ́ tábìlì.