Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn àti Bipolar: Ìbéèrè Tí A Kì í Sábà Béèrè

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé, àti ẹ̀yin pásítọ̀ àti àlùfáà tí ẹ bá wa jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń rìn kiri ọjà láìwọṣọ kọ́ ni mo bá wá. Ìyẹn kò nílò fọ́ọ̀mù kankan kí a tó mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Àwọn tí mò ń sọ ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń dáná, wọ́n sì ń kí yín láàárọ̀.

Nílẹ̀ wa, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í sábà wọlé kó ní inú òun bàjẹ́. Ẹ ó gbọ́ “orí mi ń gbóná”, “ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú orí mi”, “àyà mi ń já”, “ó kàn ń rẹ̀ mí ṣáá”. Wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á ní taifọ́ọ̀dù ni, aláìsàn á lo oògùn tán, á tún padà wá. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1960, dókítà Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní Arò l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná mọ́, tí ìwé kò sì wọ̀ wọ́n lórí mọ́. Wọ́n padà rí i pé àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ló wà nídìí ti àwọn kan nínú wọn.

Fọ́ọ̀mù tí ẹ ó máa fi wá ìrẹ̀wẹ̀sì ni PHQ-9. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ló sì dá lé: oorun, oúnjẹ, agbára, bóyá ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ni mọ́. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba 0 sí 3, àròpọ̀ rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Ẹni tó bá ti gba 10 sókè, ẹ má jẹ́ kó lọ sílé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, èsì rẹ̀ jáde ní 2006, ó sì dára. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kì í dájọ́: àìtó ẹ̀jẹ̀ lè gbé èèyàn dé 10, àìsàn tó ń bá ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) jà náà lè ṣe é. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má bi ìyàwó ilé ní irú ìbéèrè yìí níṣojú ìyá ọkọ rẹ̀.

Ìdajì ọ̀rọ̀ péré ni PHQ-9 ń béèrè. Bipolar ni àìsàn tí ọkàn èèyàn fi ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà kan, tí ara rẹ̀ á sì yá jù nígbà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe, ìrẹ̀wẹ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé wá.

Ẹ jẹ́ ká ní aránṣọ kan gba 17. Dókítà fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, gbogbo wa dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti ń rán aṣọ láago méjì òru. Ó gba ẹ̀rọ mẹ́ta láwìn, ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù n'Ìbàdàn àti l'Ékòó lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ ń tú lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, ẹni tó bá sì ní kó rọra ti di ọ̀tá rẹ̀. Àwọn ará ilé ní àdúrà ti gbà. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan, láìsí èyí tó ń mú ọkàn dúró sójú kan, lè gbé ẹni tó ní bipolar fò báyìí. Ká ní a ti béèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá ti sọ ti ọdún méjì sẹ́yìn.

Oorun ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ pinpin. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń ṣe kò rí oorun sùn, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ yá jù sun wákàtí méjì, ó jí, ara rẹ̀ le koko! Bó bá tó ọjọ́ mẹ́rin léraléra, tí ìwà rẹ̀ sì yí padà lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n, ẹ fura. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, tó ti ń da ilé rú, ọ̀rọ̀ ti wúwo. Fọ́ọ̀mù MDQ tí Robert Hirschfeld àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2000 ní ìbéèrè 13 lórí èyí. Ìdáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” méje, tí wọ́n jọ ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà, tí wọ́n sì dá wàhálà sílẹ̀, tó láti kọ ọ́ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ. Ẹ bi ará ilé pẹ̀lú, torí ẹni tí ara rẹ̀ yá jù kì í gbà pé nǹkan ń ṣe òun.

Ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀, ẹ gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó sùn. Àìsùn nìkan lè ru àìsàn yìí sókè, ìṣọ́-òru léraléra kì í ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń lo lithium, ọ̀kan nínú oògùn tó ń mú ọkàn dúró sójú kan, tó sì fẹ́ gbààwẹ̀ láìmu omi, kó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀, kí lithium má baà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè kẹsàn-án PHQ-9 ni ẹnu máa ń wúwo láti béèrè. Ẹ béèrè rẹ̀ gbangba: “Mà, ṣé ó ti ń wá sí yín lọ́kàn pé ó sàn kẹ́ ẹ kú?” Bíbéèrè kọ́ ló ń fi èrò yẹn síni lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Kí wọ́n gbé oògùn kòkòrò àti oògùn tó wà nílé kúrò lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀, kó dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó bá a wá, kẹ́ ẹ pè é lọ́jọ́ kejì láti mọ̀ bóyá wọ́n lọ.