Ẹ Yí Àwo Náà Sí Ojú Kejì: Orin Sóòlù àti Hip-hop Ìlú Ọba Tí A Gbójú Fò Dá

Ẹ kú àsìkò yìí o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olólùfẹ́ orin sọ láìpẹ́ yìí ni mo kọ síbí, nítorí púpọ̀ nínú wọn ló ní kí n kọ orúkọ àwọn orin náà sílẹ̀ kí àwọn lè wá a gbọ́. Níbi tí mo ti gbé àwo sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, mo ti fi àpèjúwe rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Tí a bá ń sọ nípa orin àwọn aláwọ̀ dúdú Ìlú Ọba láti nǹkan bí 1986 títí di 1998, ẹ̀dà tó kọ́kọ́ jáde kọ́ ló sábà máa ń gbé ọkàn orin náà. Inú remix, ìyẹn àtúntò orin, ló máa ń wà, tàbí ojú kejì àwo, tàbí àwo kan tí wọn ò tẹ̀ ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fo àwọn ẹ̀dà yẹn dá, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ló pàdánù, orin gan-an ni.

Ẹ jẹ́ ká ti orí èyí tí gbogbo wa mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ta ni kò tíì jó sí "Back to Life" ti Soul II Soul? Ní 1989, ó gun ipò kìíní lórí àtẹ orin Ìlú Ọba, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àmọ́ ẹni tó bá ra àwo ńlá wọn, Club Classics Vol. One, lọ́dún kan náà, tó sì gbé e sórí ẹ̀rọ, orin mìíràn ló máa bá níbẹ̀. Ohùn Caron Wheeler àti ti àwọn elégbè ló dá gbé ẹ̀dà yẹn rù. Ìlù tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún orin náà ṣe fún àwo olórin kan: ìlù tó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, àti bẹ́ẹ̀sì, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń dún láti abẹ́ àyà. Àtúntò yìí ló gba àmì ẹ̀yẹ Grammy ní 1990. Orin tí a rò pé a mọ̀ láti orísun rẹ̀, àtúntò ni.

Kí ló fà á tí àwọn ènìyàn yìí fi lè wo orin tó ti parí kí wọ́n ní kò tíì parí? Soul II Soul kò bẹ̀rẹ̀ bí ẹgbẹ́ olórin. Sound system ni wọ́n: àwọn ọ̀dọ́ àríwá Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń ru spíkà ńláńlá kiri òde àríyá. Jazzie B, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Antigua, ni olórí wọn, ilé Africa Centre ní Covent Garden sì ni wọ́n ti ń lù ú ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Àṣà sound system yìí bá àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì wọlé láti Jàmáíkà. Ní Jàmáíkà, tí olórin bá ti kọrin sí ojú kìíní, orin yẹn kan náà ni wọ́n máa tún tẹ̀ sí ojú kejì, wọ́n á yọ ohùn kúrò, ìlù àti bẹ́ẹ̀sì nìkan ló máa kù, kí ẹni tó ń lu àwo lè rí ibi sọ̀rọ̀ lé. Ọmọ tí wọ́n fi irú àwo bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà kì í wo orin gẹ́gẹ́ bí ilé tí a ti kan òrùlé rẹ̀ tán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àwo fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó wà níjókòó lọ́jọ́ náà kò tíì fọwọ́ kàn án rí. Àwo oníìnṣì méjìlá tóbi tó èyí tí àwọn òbí wa fi ń gbọ́ Obey àti Sunny Adé, ṣùgbọ́n orin kan tàbí méjì péré ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀sì ló ń béèrè fún àyè yẹn. Bí bẹ́ẹ̀sì bá ṣe wúwo tó ni ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ ṣe máa ń fì sí ọ̀tún àti sí òsì tó. Tí àyè bá há, ẹni tó ń gé àwo gbọ́dọ̀ dín bẹ́ẹ̀sì kù, tàbí kó rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀. Ẹ gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ sábẹ́ iná, kẹ́ ẹ dà á díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: ibi tí ìlù ti kún á dà bíi pé ó funfun díẹ̀, ibi tí ìlù ti dákẹ́ á ṣókùnkùn. Ojú yẹn ni DJ fi ń wá ibi tó fẹ́ gbé abẹ́rẹ́ lé nínú òkùnkùn ilé ijó. Nítorí náà, ẹ̀dà oníìnṣì méjìlá kì í ṣe orin tí wọ́n kàn fà gùn. Spíkà ńlá ni wọ́n ṣe é fún.

Ní 1986, àwọn méjì kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Morgan-McVey gbé orin kan jáde tí wọ́n pè ní "Looking Good Diving". Orin náà kò rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan wà lójú kejì, tí wọ́n da orúkọ Wild Bunch, sound system kan, pọ̀ mọ́ àkọlé rẹ̀, ọmọbìnrin kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń ráàpù: Neneh Cherry. Ojú kejì yẹn ni wọ́n gbé padà lọ sí sítúdíò, tí Tim Simenon, ẹni tó ń ṣètò orin, bá wọn dá sí i, ó sì di "Buffalo Stance", tó gba ipò kẹta ní Ìlú Ọba àti ipò kejì ní Amẹ́ríkà. Ẹ wá ẹ̀dà 1986 yẹn gbọ́. Ó rí ṣákaṣàka, kò sì dán tó èyí tó lókìkí, àmọ́ ẹ máa gbọ́ ibi tí èrò náà ti ń yọjú.

Ìlú Bristol ni Wild Bunch ti wá, inú wọn sì ni ẹgbẹ́ olórin Massive Attack ti jáde. Gbogbo ayé mọ "Unfinished Sympathy" ti 1991. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ "Any Love" ti 1988, àwo wọn àkọ́kọ́, tí Carlton kọ ọ́, tí Smith & Mighty, àwọn méjì kan tó ń ṣètò orin, sì wà nídìí rẹ̀. Smith & Mighty yìí kan náà ló ṣe "Wishing on a Star" fún ẹgbẹ́ Fresh 4 ní 1989. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì yìí ni a jẹ ní gbèsè jù lọ nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ lónìí.

Ti Omar, olórin sóòlù, yára sọ. Ilé iṣẹ́ kékeré ti bàbá rẹ̀, Kongo Dance, ló kọ́kọ́ gbé "There's Nothing Like This" jáde. Talkin' Loud, ilé iṣẹ́ tí DJ Gilles Peterson dá sílẹ̀, tún un gbé jáde ní 1991, ó sì gba ipò kẹrìnlá. Ká ní ó kù sọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nìkan ni, bóyá inú àpótí àwọn DJ Lọ́ńdọ̀nù ni ì bá wà títí dòní.

Ìyẹn wá gbé wa dé ọ̀dọ̀ hip-hop, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dun èèyàn jù. Nígbà tí ráàpù kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba, ohùn àwọn ará New York ni ọ̀pọ̀ àwọn olórin ibẹ̀ ń sín jẹ. Ẹgbẹ́ London Posse ló yí i padà. Rodney P àti Bionic tó wà nínú rẹ̀ ń ráàpù bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ládùúgbò: èdè àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú ti Jàmáíkà tó wà nílé. "Money Mad" jáde ní 1988, àwo ńlá wọn, Gangster Chronicle, tẹ̀ lé e ní 1990. Gbogbo ẹni tó ń ráàpù lónìí ní Lọ́ńdọ̀nù láì yí ohùn padà ń rìn lójú ọ̀nà tí wọ́n là. Síbẹ̀, ó di 2013 kí ilé iṣẹ́ orin Tru Thoughts tó kó iṣẹ́ wọn jọ padà fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹgbẹ́ Hijack láti Brixton ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Ice-T, gbajúmọ̀ olórin ráàpù Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ mú wọn wọ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ àwo ńlá wọn ti 1991 kò jáde lọ́hùn-ún.

Ṣé ẹ mọ Blak Twang? Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀, ọwọ́ tó nà sókè kò pọ̀. Gbogbo wa mọ Sade, Fọláṣadé Adú tí wọ́n bí sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n Tony Olabode, tí í ṣe Blak Twang yìí, ọmọ wa láti Deptford ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, a ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní 1996, ó ti parí àwo ńlá kan tó pè ní Dettwork SouthEast. Orúkọ àwọn ọkọ̀ ojú irin agbègbè náà, Network SouthEast, ló fi ṣeré níbẹ̀. Àwo tí wọ́n pín fún àwọn oníròyìn àti DJ jáde, àmọ́ àwo náà fúnra rẹ̀ kò dé ọjà. Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe MOBO, ayẹyẹ àmì ẹ̀yẹ fún orin àwọn aláwọ̀ dúdú, òun ló gba àmì ẹ̀yẹ hip-hop. Ẹ rò ó wò: ẹni tó gbégbá orókè, ará ìlú kò lè rí àwo ńlá rẹ̀ rà. Ẹ̀dà olè ni àwọn èèyàn fi ń gbọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2014 tí ó jáde ní tòótọ́. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham àti Deptford mọ̀ pé iṣẹ́ yìí jẹ́ tiwọn pẹ̀lú. Ẹ tẹ́tí sí bó ṣe ń dárúkọ àdúgbò, tó ń fi ohùn tútù sọ ọ̀rọ̀ gbígbóná.

Ìdí tí irú orin báyìí fi sọnù ju ẹyọ kan lọ. Rédíò ìjọba kì í fi bẹ́ẹ̀ lù ú. Àwọn rédíò tí kò gbàwé àṣẹ ló gbé e lárugẹ, àwọn tó ń ri òpó sórí ilé alájà gíga, tí ìjọba ń wá kó ẹrù wọn. Kiss FM wà lára wọn láti 1985, ó sì di oníwèé àṣẹ ní oṣù kẹsàn-án 1990. Bí ilé iṣẹ́ náà ṣe ń dàgbà, àyè àwọn àwo kékeré ń dínkù. Ti òfin tún wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo wọ̀nyí ni wọ́n ti gé orin ẹlòmíràn wọ inú wọn láì gbàṣẹ. Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ kan ní New York dá Biz Markie, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ráàpù, lẹ́bi lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù kejìlá 1991, gbogbo ilé iṣẹ́ orin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra, kò sì rọrùn mọ́ láti tún irú àwo bẹ́ẹ̀ gbé jáde. Tí ilé iṣẹ́ kékeré bá wá kógbá sílé, ta ló ni téèpù tí wọ́n gba orin náà sí?

Ìdí kan tó kù ń ṣẹlẹ̀ lójú wa báyìí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń gbọ́ orin, ẹ̀dà kan péré ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀ fún orin tó ní mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí àwo. Lynden David Hall, olórin sóòlù ọmọ Ìlú Ọba, gbé "Sexy Cinderella" jáde ní 1997, kò rìn. Wọ́n tún un gbé jáde ní 1998, ó wọ ogún àkọ́kọ́. Ó kú ní 2006, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni tí kò bá wá ju ẹ̀dà kan lọ kò tíì gbọ́ ọ tán.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ má kọ orúkọ orin nìkan, ẹ kọ orúkọ ẹ̀dà náà, ọdún rẹ̀, àti ẹni tó tò ó. Tí ẹ bá rí àwo fúnra rẹ̀ lọ́jà àlòkù, ẹ wo ibi tó dán láàárín ìlà tó kẹ́yìn àti bébà àárín. Wọ́n máa ń họ nọ́ńbà síbẹ̀, nígbà mìíràn orúkọ ẹni tó gé àwo náà. Bébà àárín lè parọ́, torí wọ́n máa ń lẹ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ńbà yẹn ni kẹ́ ẹ fi mọ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín.