Ohun Tí Berthe Morisot Kọ́ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ṣáájú Rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká jọ wo àwòrán yìí fún ìgbà díẹ̀. Obìnrin kan kẹ̀yìn sí wa, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń tún irun rẹ̀ ṣe níwájú dígí. Aṣọ rẹ̀ funfun, ògiri tó wà níwájú rẹ̀ náà funfun, wọ́n sì jọ pa àwọ̀ eérú díẹ̀díẹ̀, débi pé a ò mọ ibi tí aṣọ ti parí tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀. Dígí wà níbẹ̀, àmọ́ ojú obìnrin náà ò sí nínú rẹ̀. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ dígí ọ̀hún dáadáa. Orúkọ ẹni tó ya àwòrán ló wà níbẹ̀: Berthe Morisot.

Àwòrán yìí wà nínú ìpàtẹ tí àwọn ayàwòrán Impressionist, ìyẹn àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kánkán ya ìmọ́lẹ̀ àti ìgbé ayé ojoojúmọ́, ṣe ní Paris lọ́dún 1880; ìlú Chicago ló wà báyìí. Àwọn tó ń wo iṣẹ́ Morisot láyé ìgbà yẹn sábà máa ń dárúkọ Fragonard, ayàwòrán tó ti kú láti ọdún 1806. Nígbà tó yá, wọ́n ní ọmọ ìdílé Fragonard ni, bí ẹni ń sọ pé ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn náà ni yóò jọ. Ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ìgbà tí àwọn olùwádìí ilé àwòrán Marmottan ní Paris tọpa ìdílé méjèèjì nítorí ìpàtẹ wọn ti ọdún 2023, wọn ò rí ìbátan kankan.

Inú mi dùn sí àbọ̀ ìwádìí yẹn. Tí a bá ní ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lára obìnrin yìí, a ti gba òógùn ojú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò jogún rẹ̀. Ó lọ kọ́ ọ ni.

Ọdún 1841 ni wọ́n bí i ní Bourges. École des Beaux-Arts, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tó lókìkí jù ní ilẹ̀ Faransé, kò gba obìnrin títí di 1897, Morisot sì ti kú ní 1895. Louvre, ilé àwòrán ńlá ní Paris, ló wá di ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti 1858 ni òun àti Edma ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń jókòó síwájú iṣẹ́ àwọn àgbà, tí wọ́n ń dà á kọ. Lẹ́yìn náà ni Corot, ayàwòrán ilẹ̀ Faransé, kọ́ wọn láti máa ya igi àti omi ní ìta gbangba.

Àwọn ayàwòrán ọ̀rúndún kejìdínlógún, bíi Watteau, Boucher àti Fragonard, ti rí ìtìjú nígbà kan. Ọlọ́lá ni wọ́n ń yàwòrán fún: olólùfẹ́ nínú ọgbà, àwọn òrìṣà, àwọn tó ń wẹ̀ lódò. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ 1789 tí àwọn ará Faransé fi dojú ìjọba ọba àti àwọn ọlọ́lá dé, wọ́n di ohun ẹ̀gàn. Nígbà èwe Morisot ni ojú tún ń padà sọ́dọ̀ wọn. Ní 1869, dókítà kan tó ń jẹ́ Louis La Caze kú, ó sì fi àwòrán 583 sílẹ̀ fún Louvre. Morisot jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ọ̀kan lára wọn nìyí. Fragonard ló ya àlùfáà yìí, Saint-Non, ní 1769. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán náà pé wákàtí kan péré ló fi yà á. Ẹ wo apá aṣọ rẹ̀: kò fi ipa búrọ́ọ̀ṣì pamọ́, ó jẹ́ kí ọ̀dà sáré kó sì dúró bó ṣe bọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Morisot, ẹ ó rí ìsáré kan náà. Òun tiẹ̀ kọjá ibẹ̀: nígbà mìíràn, ó máa ń fi etí kánfáàsì sílẹ̀ láìkùn, kí a rí aṣọ lásán. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti ní ìgboyà jù.

Nígbà tó kọ́lé tuntun sí òpópónà Villejust, ó tún gba Louvre lọ, ó sì da apá kan kọ nínú àwòrán Boucher, níbi tí Venus, òrìṣà ìfẹ́, ti wá bá Vulcan, òrìṣà alágbẹ̀dẹ. Pálọ̀ rẹ̀ ló gbé e kọ́ sí.

Ṣùgbọ́n kò gba ohun gbogbo lọ́wọ́ wọn. Àwọn obìnrin Boucher mọ̀ pé ọkùnrin ń wò wọ́n. Ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Obìnrin tá a fi bẹ̀rẹ̀ kò dá wa lóhùn. Funfun rẹ̀ jọ tiwọn, ìrọ̀rùn ara rẹ̀ jọ tiwọn, àmọ́ irun rẹ̀ ló gbájú mọ́.

Ní 1892, ọdún tí Eugène Manet ọkọ rẹ̀ kú, Morisot wà ní ilé àwòrán ìlú Tours, níwájú àwòrán Boucher mìíràn. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ìpàtẹ mẹ́jọ ni àwọn Impressionist ṣe, méje ló ti bá wọn kópa. Síbẹ̀, ó tún ń da iṣẹ́ àgbà kọ. Apollo, òrìṣà oòrùn, ló ń fara han olùfẹ́ rẹ̀ láàárín ìmọ́lẹ̀ nínú àwòrán náà. Morisot ò ya Apollo rárá. Àwọn obìnrin méjì tó fara ti ara wọn nísàlẹ̀ ló yà, ó sì fi ipa búrọ́ọ̀ṣì gígùn tirẹ̀ yà wọ́n.