Chahar: ìpínlẹ̀ tí wọ́n pa rẹ́ lórí máàpù, àti ilẹ̀ kan tó ní ìjọba méjì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tẹ́ ẹ bá ṣí máàpù Ṣáínà báyìí tẹ́ ẹ wá ìpínlẹ̀ Chahar títí, ẹ ò ní rí i. Bẹ́ẹ̀, títí di 1952 ìpínlẹ̀ gidi ni o, ó ní gómìnà, ó ní olú ìlú, olú ìlú ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ dòní, Zhangjiakou lorúkọ ẹ̀, kò sì ju nǹkan bí igba kìlómítà lọ sí Beijing. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí ni bí ilẹ̀ kan ṣoṣo ṣe ní ìjọba méjì lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń ka èèyàn, èkejì ń ka ilẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ Chahar ti wọ́.

Níbẹ̀rẹ̀, Chahar kì í ṣe orúkọ ilẹ̀, orúkọ àwọn èèyàn ni. Àwọn ni Mongol tó wà lábẹ́ ọba àgbà fúnra ẹ̀, ìran Genghis Khan. Ligdan Khan ló jẹ kẹ́yìn nínú àwọn ọba yẹn. Òun àtàwọn Manchu, ẹ̀yà kan láti àríwá ìlà oòrùn Ṣáínà, gbéná wojú ara wọn, wọ́n lé e títí ó fi sá lọ síhà ìwọ̀ oòrùn, ibẹ̀ ló kú sí ní 1634. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Ejei ọmọ ẹ̀ túúbá fún Hong Taiji ọba Manchu, òǹtẹ̀ ọba àwọn baba ńlá wọn sì bọ́ sọ́wọ́ Manchu. Ní 1636 Hong Taiji kéde pé Qing lorúkọ ìjọba òun, ìjọba yìí ló wá gba gbogbo Ṣáínà lẹ́yìn náà. Ẹ ò rí i pé òǹtẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ẹni tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ lè sọ pé òun ló jogún Genghis.

Báwo wá ni Qing ṣe ń ṣèjọba lórí Mongol? Wọ́n pín wọn sí ohun tí Mongol ń pè ní khoshuu, tí àwọn Ṣáínà ń pè ní qi, àsíá nìtumọ̀ ẹ̀. Àsíá kọ̀ọ̀kan ní pápá tiẹ̀, ní olórí tiẹ̀ tó ń jogún oyè láti ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀, gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú ẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, o ò sì gbọ́dọ̀ da ẹran ẹ wọ pápá àsíá míì. Mongol ti apá gúúsù ní àsíá mọ́kàndínláàádọ́ta, iléeṣẹ́ kan ní Beijing tó ń jẹ́ Lifan Yuan ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn. Àmọ́ Chahar ò rí irú èyí gbádùn pẹ́. Ní 1675, nígbà tí wàhálà gúúsù gba gbogbo ọwọ́ ọba Kangxi, ọmọ ọba Chahar kan, Burni, dìde ogun, wọ́n pa á, wọ́n sì gba oyè kúrò nínú ìdílé ọba yẹn pátápátá. Láti ìgbà yẹn, àsíá Chahar di mẹ́jọ, ààfin ló ń yan ẹni tó máa darí wọn. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ọba àgbà láàárín Mongol làwọn tí ò ní olórí tiwọn mọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Ọ̀gá tí wọ́n yàn yẹn, Zhangjiakou ló wá jókòó sí. Àwọn ará Yúróòpù ń pe ìlú yẹn ní Kalgan, látinú ọ̀rọ̀ Mongol tó túmọ̀ sí ẹnubodè, torí ẹnubodè ni lóòótọ́, inú Ògiri Ńlá gan-an ló wà. Ẹ fojú inú wo Dajingmen, ihò ńlá kan láàárín ògiri bíríkì, òkè ní ọ̀tún, òkè ní òsì, ràkúnmí tò lọ rẹrẹẹrẹ pẹ̀lú tíì lẹ́yìn. Tíì yẹn kì í ṣe èyí tá à ń bù pẹ̀lú ṣíbí o, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ra bíi búlọ́ọ̀kù, ó le, ẹ̀rún ni wọ́n máa ń gé lára ẹ̀ sínú ìkòkò, àwọn Mongol tiẹ̀ ń fi ná bí owó. Ó ń lọ sí Urga, ìyẹn Ulaanbaatar òní, ó ń ré kọjá títí dé Kyakhta ní bọ́dà Rọ́ṣíà, awọ àti irun àgùntàn ló sì ń bá padà bọ̀. Ní 1909 ni rélùwéè Beijing wọ Kalgan, Zhan Tianyou ló darí ẹ̀, ọmọ Ṣáínà ni, wọn ò ké sí ẹnjiníà òyìnbó kankan.

Rélùwéè yẹn gbé àgbẹ̀ wá. Ká sòótọ́, àgbẹ̀ ti ń wọlé tipẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1901 tí gbèsè táwọn ìjọba òkèèrè bù lé Qing lórí ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣí pápá Mongol sílẹ̀ ní 1902 kí wọ́n lè rówó lórí ilẹ̀. Ibi tí àgbẹ̀ bá ti pọ̀ díẹ̀, wọ́n á dá xian sílẹ̀, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ti Ṣáínà. Xian ò sì lé àsíá lọ o! Àwọn méjèèjì wà lórí ilẹ̀ kan náà. Mongol tí ẹran ẹ̀ jẹ àgbàdo àgbẹ̀, ọ̀dọ̀ àsíá ló ń sáré lọ, àgbẹ̀ á gbọ̀nà xian lọ, oníkálukú ń lọ bá adájọ́ tiẹ̀. Owó orí ńkọ́? Àwọn méjèèjì ló fẹ́ gbà á.

Lẹ́yìn tí Qing wó, ní 1914 ìjọba Olómìnira Ṣáínà sọ Chahar di agbègbè àkànṣe, ní 1928 ni ìjọba tó fi Nanjing ṣe olú ìlú wá sọ ọ́ di ìpínlẹ̀. Lójú tèmi, ọdún yẹn ni wọ́n dá Chahar lóró jù. Wọ́n gé xian mẹ́wàá láti gúúsù, ilẹ̀ Ṣáínà gidi, wọ́n so ó mọ́ ọn, wọ́n sì yọ àsíá mẹ́rin ti apá ọ̀tún fún ìpínlẹ̀ Suiyuan. Báyìí ni Mongol ṣe di ìdílé díẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ wọn.

Kò ní yà yín lẹ́nu tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé inú ń bí àwọn kan. Demchugdongrub, ọmọ ọba àsíá Sunid, béèrè ìjọba ara ẹni, Nanjing sì gbà kí wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Bailingmiao ní 1934, ìgbìmọ̀ tí kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀. Ó bá yíjú sí Jàpáánì. Ní 1939 ó di olórí ìjọba Mengjiang ní Kalgan, ṣùgbọ́n Jàpáánì ló ń pàṣẹ, Ṣáínà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jọba lé lórí. 1945 ni gbogbo ẹ̀ wó.

Àwọn Kọ́múníìsì gba ọ̀nà míì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1947, Ulanhu, ọmọ Mongol Tümed, dá Agbègbè Olómìnira Mongolia Inú sílẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ Mongol tó wà nínú Ṣáínà. Àwọn àsíá àríwá Chahar bọ́ síbẹ̀, 1952 wọ́n tú ìpínlẹ̀ Chahar ká, Kalgan di ti Hebei, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sá díẹ̀ lára eré orí yìnyín Òlíḿpíìkì 2022. Wọ́n ṣì gé Mongolia Inú fúnra ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ní 1969, ọdún mẹ́wàá gbáko kí wọ́n tó dá a padà. Láàárín ìjì yẹn, tí wọ́n ń pè ní Cultural Revolution ti Mao, wọ́n fẹ̀sùn kan ogunlọ́gọ̀ Mongol pé wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ìkọ̀kọ̀, ìjọba fúnra ẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé èèyàn tó kú lé ní 16,000. Mo ní láti dánu dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Àsíá ò kú ṣá. Lórí máàpù Mongolia Inú lónìí, ẹ ó rí Àsíá Búlúù, ẹ ó rí Àsíá Yẹ́lò, orúkọ tí Qing fún àwọn Chahar ló ṣì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú Àsíá Búlúù yẹn ni àwókù Shangdu wà, ìlú tí Kublai Khan, ọmọ ọmọ Genghis, ti ń lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n sì ṣe ń sọ èdè níbẹ̀, bí Chahar ṣe ń pe ọ̀rọ̀, òun ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n èdè Mongol tí wọ́n ń ka ìròyìn fi lórí rédíò jákèjádò Mongolia Inú.