Ilẹ̀ Ni Ká Bi: Bí Wọ́n Ṣe Ń Múra Pápá Gọ́ọ̀fù Sílẹ̀ fún Ìgbà Ìrúwé

Ẹ wo koríko yìí dáadáa. Ṣé ẹ rí àwọn àmì dúdú tó tò láti etí gíríìnì, ìyẹn ibi tí wọ́n gé koríko mọ́lẹ̀ yí ihò ká, títí dé ìdí ihò? Ipa ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ tèmi ni. Oṣù kẹta ni, ìgbà ìrúwé àkọ́kọ́ tí mo ṣiṣẹ́ ní pápá gọ́ọ̀fù kan ní Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n ní kí n lọ wo ọ̀pá àsíá, mo sì gba orí koríko kọjá ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Ìrì dídì bo gbogbo rẹ̀, ó funfun bí iyọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń run wómúwómú lábẹ́ bàtà mi, mi ò kà á sí. Nígbà tí oòrùn fi máa mú, gbogbo ibi tí mo tẹ̀ ti dúdú, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn àmì náà tó pa rẹ́.

Ohun tó fà á nìyí. Omi ló pọ̀ jù nínú ewé koríko. Bí òtútù bá mú débi tí ìrì fi dì, omi inú ewé náà lè dì pẹ̀lú, ewé á wá gan bí ìgò. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, yìnyín inú rẹ̀ á gún un láti inú, á fọ́ ọ. Kò ní hàn lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí oòrùn bá yọ́ ọ tán ni ewé á rọ, tí á sì dúdú. Torí náà, bẹ́ ẹ bá dé pápá gọ́ọ̀fù láàárọ̀ ìgbà ìrúwé, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dúró kí ìrì dídì yọ́ ná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹ̀mí koríko ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ẹ jẹ́ ká wo Bethpage, torí pé ojú gbogbo ayé ti rí i. Ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ ni, ní Farmingdale, ní Long Island kan náà. Pápá gọ́ọ̀fù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, àwọ̀ ni wọ́n sì fi sọ wọ́n lórúkọ: Black, Red, Blue, Green àti Yellow. Black ni àgbà wọn tó bá di ká le koko. Ọdún 1936 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n gbá U.S. Open, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje gọ́ọ̀fù tó tóbi jù, níbẹ̀ ní 2002 àti 2009, Ryder Cup, ìdíje láàárín Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, sì wáyé níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2025. Síbẹ̀, pápá gbogbo ìlú ni. Àwọn kan máa ń sun inú mọ́tò mọ́jú kí wọ́n lè rí àyè gbá bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rin Black látòkè délẹ̀, wọn kì í gbé ọkọ̀ kékeré wọ ibẹ̀.

Ẹ fojú inú wo irú èrò bẹ́ẹ̀. Kí oòrùn kàn ràn fún ọjọ́ mẹ́ta ní ìparí oṣù kẹta, wọ́n á ti kó igi gọ́ọ̀fù sẹ́yìn mọ́tò. Oòrùn ti ràn lóòótọ́. Ilẹ̀ ńkọ́?

Ilẹ̀ ni ká bi. Tẹmọ́mítà onírin ṣóńṣó ni ọ̀gá tó ń bójú tó pápá fi ń bi í. Á tì í bọ ilẹ̀, á dúró, á kà á. Gbòǹgbò àwọn koríko ilẹ̀ olótùútù máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ wà láàárín 50 sí 65 lórí ìwọ̀n Fahrenheit kó tó lè dàgbà dáadáa. Afẹ́fẹ́ lè gbóná dé 65 lọ́sàn-án, kí ilẹ̀ ṣì wà ní 40. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú ilẹ̀ á ti yọ́, ìsàlẹ̀ á ṣì le bí òkúta. Omi ò níbi tó máa gbà lọ. Bí èèyàn bá tẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òkè á sún, ìsàlẹ̀ ò ní sún, gbòǹgbò á sì já láàárín méjèèjì. Ojú ò ní rí i lọ́jọ́ náà.

Koríko méjì ló sábà máa ń wà lórí gíríìnì ní agbègbè yìí: bentgrass àti Poa annua. Poa ò ní sùúrù. Bí ara ilẹ̀ bá kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, á jí, á fa omi mu yó sí ìdí rẹ̀. Bí òtútù bá padà dé lóru, omi yẹn á dì, á sì fa ìdí koríko náà ya. Bentgrass máa ń pẹ́ jí jù ú lọ, oorun yẹn ló sì ń gbà á là. Ẹni tó bá bu ajílẹ̀ rẹpẹtẹ sí gíríìnì ní oṣù kẹta kí ó lè tètè tutù yọ̀yọ̀, ṣe ló ń jí wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Níbi tí òjò dídì ti pẹ́ lórí koríko, ẹ ó rí àwọn ojú róbótó tó ti bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nínú ọ̀rá, òmíràn rí bí eérú, òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú. Ráákì ni wọ́n fi ń ha á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí atẹ́gùn lè dé ibẹ̀ kó gbẹ, lọ́pọ̀ ìgbà ìdí koríko á sì rú padà. Ẹ̀ka igi tó wó, ewé gbígbẹ, yanrìn bọ́ńkà, ìyẹn kòtò oníyanrìn inú pápá, tí òjò ti wọ́ wá sísàlẹ̀, ìyẹn ò le. Ọwọ́ àti ṣọ́bìrì ni.

Ti omi ló gba ọgbọ́n. Kí ìgbà òtútù tó wọlé, wọ́n ti fi ẹ̀rọ fẹ́ gbogbo omi kúrò nínú páìpù abẹ́ ilẹ̀, kó má baà dì kó sì fọ́ wọn. Atẹ́gùn nìkan ló kù níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá ṣí pọ́ǹpù gbàgà, omi á sáré wọlé, á máa ti atẹ́gùn yẹn níwájú, nígbà tó bá sì kan ibi tí páìpù ti dí, á gbá a bí òòlù. Páìpù á bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, ẹ ó wá máa gbẹ́ fairway, ojú koríko gígé tó lọ sí gíríìnì, tí ẹ ń tọ́jú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: wọ́n á ṣí ẹnu páìpù ní ibi tó jìnnà jù àti ibi tó ga jù, wọ́n á wá jẹ́ kí omi máa wọlé díẹ̀díẹ̀, láìfi agbára sí i. Ẹ bá mi dúró níbi ẹnu páìpù kan. Á kọ́kọ́ máa mí fìì. Á tutọ́. Á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, omi ìpẹtà pupa á tú jáde, lẹ́yìn náà ni omi á wá máa jáde geere, tó mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó pa á, kí wọ́n bọ́ sí èyí tó kàn. Ó lè gba odindi ọjọ́ kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó wá ku iṣẹ́ tí àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù kórìíra jù: lílu gíríìnì níhò. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé wọ́n ti ba gíríìnì jẹ́. Ẹsẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti ki ilẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Atẹ́gùn ò wọlé mọ́, omi ò ráyè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ní irin oníhò nínú, tó fẹ̀ tó ìdajì íńṣì. Á wọ ilẹ̀ ní íńṣì 2 tàbí 3, á fa ilẹ̀ jáde, ojú gíríìnì á sì kún fún ẹyọ ilẹ̀ kéékèèké tó rí bí ìka ọwọ́.

Mú ọ̀kan, kó o fi ọwọ́ ya á sí méjì. Gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ìgbà òtútù wà níbẹ̀. Bí gbòǹgbò bá funfun tó sì kọjá sísàlẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú láàárín, ẹ gbé e sún mọ́ imú. Ó ń rùn bí ẹyin òbu. Atẹ́gùn ò dé ibẹ̀ mọ́ nìyẹn, gbòǹgbò ò sì ní kọjá ìlà yẹn.

Wọ́n á kó gbogbo ẹyọ ilẹ̀ náà kúrò, wọ́n á da yanrìn gbígbẹ sí i, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a wọ inú ihò títí yóò fi kún. Yanrìn yìí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Old Tom Morris, tó jẹ́ olùtọ́jú pápá, ti ń fọ́n ọn sórí gíríìnì ní St Andrews, ní Scotland, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nílé wa ní Nàìjíríà, àwọn pápá kan wà tó jẹ́ pé yanrìn tí wọ́n po epo mọ́ gan-an ni wọ́n fi ṣe gíríìnì, tí wọ́n ń pè ní brown, torí pé omi ò tó láti bọ́ koríko. Ṣùgbọ́n ní Long Island, koríko gbọ́dọ̀ rú bo ihò wọ̀nyẹn. Bí ilẹ̀ bá ti gbóná, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ó ti dí. Bí wọ́n bá kánjú lù ú nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, ihò á kàn la ẹnu sílẹ̀ ni, bọ́ọ̀lù á sì máa ta gọ́úngọ́ún lórí wọn dìgbà tó pẹ́.

Òdòdó kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa wò: forsythia, igi kékeré tí òdòdó rẹ̀ yẹ́lò bíi wúrà kí ewé rẹ̀ tó yọ. Àwọn olùtọ́jú pápá ní apá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà máa ń fi í ka àkókò. Kòkòrò kan wà tó bá kòkòrò inú ìrẹsì tan, ẹnu rẹ̀ gùn bíi tiẹ̀, inú igbó etí pápá ló ti máa ń sun ìgbà òtútù. Ó máa ń rìn wá sórí koríko gígé láti yé ẹyin, ọmọ rẹ̀ ló sì ń jẹ inú Poa. Bí forsythia bá di ìdajì wúrà, ìdajì ewé tútù, kòkòrò náà ti ń rìn. Ìgbà yẹn ni oògùn wúlò. Ẹni tó bá fọ́n ọn ṣáájú, ó fi ṣòfò, inú ilẹ̀ sì ni omi tí ará Long Island ń mu ti ń wá. Àwọn àgbẹ̀ wa náà kì í gbin àgbàdo torí pé kàlẹ́ńdà sọ bẹ́ẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ni wọ́n ń wò.

Tó bá di gígé koríko, abẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Ẹ fi bébà tinrin kan sí ẹnu abẹ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yí i, kí ìka yín jìnnà. Bó bá gé e mọ́lẹ̀ ṣíṣán, ó mú. Bó bá ká a tàbí tó ya á, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ya ewé koríko, orí rẹ̀ á sì funfun lọ́jọ́ kejì. Ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì, mìlímítà 3 lé díẹ̀, ni wọ́n ń gé gíríìnì dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ o. Gígé àkọ́kọ́, orí nìkan ni wọ́n ń rẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa sọ abẹ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí bọ́ọ̀lù ò bá sáré tó bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ní oṣù kẹrin, ó ń bọ̀.

Ihò ni wọ́n ń gé kẹ́yìn. Íńṣì mẹ́rin àti ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìbú rẹ̀, níbi gbogbo láyé. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún yẹn, èmi ni wọ́n ní kí n gé e lórí gíríìnì tí mo fi ẹsẹ̀ bà jẹ́. Mo ti irin róbótó náà bọlẹ̀, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo fà á sókè. Mo dojú ilẹ̀ tó jáde dé kí n lè wo abẹ́ rẹ̀. Gbòǹgbò funfun ló kún ibẹ̀, tinrin bí òwú, wọ́n gùn dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo fi í dí ihò àná, mo tẹ̀ ẹ́ pa, mo bomi sí i. Mo ki ife sínú ihò tuntun, mo ti ọ̀pá àsíá bọ̀ ọ́. Kò sí ìrì dídì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo gba orí koríko kọjá.