Pọ́túgà: Ẹ Má Torí Iyanrìn Nìkan Lọ

Àkọsílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn tó ń gbèrò ìrìn-àjò sí Yúróòpù nìyí. Mo tún àwọn gbólóhùn kan tò, ṣùgbọ́n mi ò yọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí àwọn tó ń ta ìrìn-àjò kúrò.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta ìrìn-àjò fún wa máa ń kó ìwé aláwòrán wá; òkun ló wà níwájú, iyanrìn ló wà lẹ́yìn. Wọn a ní ọjọ́ mẹ́rin ní Lisbon, ẹ ya fọ́tò, ẹ ra bàtà, ẹ máa bọ̀ nílé. Mo ta kò wọ́n. Iyanrìn wà ní Badagry. Ohun tó yẹ kó gbé ọmọ Yorùbá dé Pọ́túgà ni ohun tí òkun sọ orílẹ̀-èdè kékeré yẹn dà, àti ohun tí òun náà gba orí òkun fojú ayé rí. Gbogbo rẹ̀ ló ṣì wà létí omi, tí ojú lè rí, tí ọwọ́ lè kàn.

Ẹ mú Belém, lápá ìwọ̀-oòrùn Lisbon, níbi tí odò Tagus ti ń lọ pàdé òkun. Ilé àwọn mọ́ńkì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Jerónimos. Ọba Manuel Kìíní ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1501, ó sì gbà tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó kọ́ ọ tán. Wọ́n gbẹ́ okùn ọkọ̀ ojú omi àti ewéko sára òkúta rẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á lanu ni. Ṣùgbọ́n níbo lowó ti wá? Owó orí ni: nǹkan bí ìdá kan nínú ogún lára òwò Áfíríkà àti ti Éṣíà. Ibẹ̀ náà ni sàréè Vasco da Gama wà, ẹni tó wa ọkọ̀ yípo Áfíríkà dé Íńdíà ní 1498. Ọba Manuel yìí kan náà ló pàṣẹ ní 1515 pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò tí wọn ó máa ju òkú ẹrú sí ní Lisbon. Títí dòní, òpópónà kan wà nílùú náà tó ń jẹ́ Rua do Poço dos Negros, kòtò àwọn aláwọ̀ dúdú. Bí afinimọ̀nà bá ń yin òkúta Jerónimos fún yín tí kò mú yín dé òpópónà yẹn, ẹ ní kó mú yín lọ. Ẹ má gbà fún un.

Ẹ wá sí Baixa, àárín ìlú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1755, ọjọ́ àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́ nígbà tí ilẹ̀ mì. Àwọn tó sá lọ sétí odò rí i tí omi fà sẹ́yìn, kó tó ru padà wá bò wọ́n. Iná tó sọ láàárín ìlú sì jó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Marquês de Pombal, mínísítà ọba nígbà náà, ló ṣètò àtúnkọ́. Òun ló ni àwọn òpópónà títọ́ gbọnrangandan tí ẹ ó rìn níbẹ̀. Wọ́n hun igi sínú ògiri ilé bí àgò adìẹ, kí ilé lè mì láìwó. Wọ́n kọ́ àwòṣe rẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn sójà máa yan káàkiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi dán an wò. Ẹ gòkè lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì Carmo. Kò ní òrùlé mọ́ láti ọjọ́ náà.

Wọ́n ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé àkókò ń lọ, mi ò sì tíì kúrò ní Lisbon. Nazaré, ní àríwá, ìlú apẹja. Àfonífojì kan wà lábẹ́ òkun níbẹ̀, tó jìn tó 5,000 mítà níbi tó jìn jù, ẹnu rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èbúté. Ìgbì tó gba inú rẹ̀ ń yára ju èyí tó gba ibi tí omi kò jìn. Bí wọ́n bá pàdé, wọn a gun ara wọn. Ní oṣù kẹwàá 2020, Sebastian Steudtner, ọmọ Jámánì, fi pákó gun ìgbì tó ga tó 26.21 mítà níbẹ̀. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta, ẹ lè dúró lórí àpáta kí ẹ máa wò wọ́n.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dárúkọ Lagos ti Algarve, ìlú kan ní gúúsù Pọ́túgà, kì í ṣe Èkó wa, ni ìyá kan dìde ní ìlà kejì. Wọ́n ní: “Ọ̀gá, ẹ forí jì mí o. Ṣé kì í ṣe Lagos yẹn ni wọ́n ti ta àwa aláwọ̀ dúdú? Kí ló dé tí ẹ fi ní ká lọ náwó wa fún wọn?”

Mo pa ìwé ọwọ́ mi dé. Ẹ ṣeun, ìyá mi. Ibẹ̀ náà ni. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ 1444, wọ́n kó èèyàn 235 bọ́ sílẹ̀ ní Lagos. Etíkun apá Mauritania òde òní ni wọ́n ti jí wọn gbé, kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ bu iyì kún ìtàn yìí. Ọmọ ọba Henrique wà lórí ẹṣin, ó ń wò bí wọ́n ṣe ń pín wọn, ó sì gba ìdá kan nínú márùn-ún. Zurara, akọ̀tàn ààfin, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ìyá gbá ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n sì ń jẹgba kí wọ́n má baà gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn. Ní 2009, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn odi ìlú àtijọ́, wọ́n kan egungun ọmọ Áfíríkà tó ju 150 lọ, níbi tí wọ́n ti ń da pàǹtírí nígbà náà. Ilé ọjà ẹrú, Mercado de Escravos, ti di mùsíọ̀mù báyìí. Ère Henrique sì wà ní gbàgede kan náà, ó jókòó pẹ̀sẹ̀.

Bí a kò bá lọ, àwọn tó wá yáàrùn nìkan ni yóò máa kọjá níwájú ilé yẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ, ká sanwó ìwọlé, ká bi wọ́n léèrè ìdí tí ère fi tóbi tí ilé fi kéré. Ẹ̀yin tí ẹ ti Pópó Àgùdà l'Ékòó wá, ọmọ àwọn tó padà bọ̀ láti oko ẹrú ní Brazil, ẹ mọ ìyókù ìtàn náà ju èmi lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ ọkọ̀ kékeré lọ sí Ponta da Piedade, níbi tí òkun ti gbẹ́ àpáta ìyeyè di ihò àti ẹnu ọ̀nà. Ó rẹwà gan-an. Omi rẹ̀ tutù o, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn pàápàá.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù. Porto: afárá onírin Dom Luís Kìíní, 1886, alájà méjì, ẹ rìn lórí ti òkè. Sintra: ààfin Pena. Cabo da Roca: bí a bá yọ àwọn erékùṣù kúrò, ibẹ̀ ni ilẹ̀ Yúróòpù parí sí níwọ̀-oòrùn. Erékùṣù Azores: ní Furnas, wọ́n ń ri ìkòkò ẹran mọ́lẹ̀, ooru abẹ́ ilẹ̀ ló ń sè é. Orin fado: lálẹ́, ní Alfama, àdúgbò àtijọ́ kan ní Lisbon, ẹ dákẹ́ bí wọ́n bá ń kọ ọ́. Bacalhau: ìran ẹja tó ń di panla lọ́jà wa náà ni, iyọ̀ ni wọ́n fi pa tiwọn.

Ẹnìkan bèèrè fíìsà. Schengen ni, fíìsà kan ṣoṣo tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ẹ kọ Lagos àti orúkọ mùsíọ̀mù náà sínú ètò ìrìn-àjò tí ẹ ó fi tọrọ rẹ̀, kí ẹni tó ń bá yín ṣètò má baà yọ ọ́ kúrò. Lagos tó nǹkan bí 300 kìlómítà láti Lisbon. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ, bọ́ọ̀sì ń lọ.